Láyíwọlá Olúgbémiga (1941–1998): Bàbá Tó Ń Wá Ohun Tí Ọlọ́run Fi Mọ Ayé

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin àna, ẹ̀yin aládùúgbò, àti ẹ̀yin tí ẹ tètè dé nítorí oúnjẹ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a wá sin.

Ìkìrun ni a bí Olóògbé Láyíwọlá Olúgbémiga sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1941. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn, Àìsáyà Olúgbémiga. Ìyá wọn, Rúùtù, ń ta aṣọ. Ilé wọn sún mọ́ ojú irin tó bẹ́ẹ̀ tí abọ́ fi ń jó lórí tábìlì bí rélùwéè bá ń kọjá. Ìyá wọn a máa sọ pé ọmọ mìíràn a béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n Láyíwọlá a béèrè pé, "Kí ló wà nínú irin?"

Ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ni Bàbá ti parí ìwé mẹ́fà ní 1954. Ní 1966, wọ́n gba oyè nínú ẹ̀kọ́ fisíìsì ní Ìbàdàn. Ní 1970, wọ́n gbé Màmá wa, Esther, níyàwó, wọ́n sì bí Ayọ̀díjí àti Fèyísọ́lá. Ní 1978, ìdílé ṣí wá sí Ìlọrin, Bàbá kọ́ ilé sí Adéwọlé, wọ́n sì ń kọ́ni ní fisíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n tún ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sán Sátidé, ọmọ kìrìsìtẹ́nì, ọmọ mùsùlùmí, gbogbo wọn ni Bàbá ń kọ́ ní ìṣirò lábẹ́ igi máńgòrò wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò béèrè ìsìn ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n ń béèrè.

Ọdún 1989 ni ohun tó gba oorun lójú Bàbá wọlé dé. Ní Geneva, nílẹ̀ Switzerland, ẹ̀rọ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ihò tó yí po lábẹ́ ilẹ̀. Ìyá Dọ̀kásì, ẹ̀gbọ́n Bàbá, béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń lọ̀. Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fẹ́ mọ inú èkùrọ́ ń wá òkúta. Ohun tí à ń wá yìí kéré ju èkùrọ́ lọ, ó sì le jù ú lọ. Irú rẹ̀ nìkan ló lè fọ́ ọ. Ẹ̀rọ yìí ló ń lé wọn sáré yí po yí po, títí wọn yóò fi forí sọ ara wọn, kí a lè wo ohun tó jáde."

Bàbá ya òbìrìkìtì ẹ̀rọ náà sórí àwòrán ìlú Ìlọrin. Bí a bá rì í síbí, yóò gba abẹ́ Adéwọlé, abẹ́ Ọjà Tuntun, yóò sì yọ sí àdúgbò Basin. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin òbìrìkìtì náà. Ní Ọjà Tuntun, ìyá aláta kan figbe ta: "Bàbá Tíṣà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Bàbá ní, "Ohun tí Ọlọ́run fi mọ ayé ni." Ìyá náà ní, "Tí ẹ bá rí i, ẹ bu díẹ̀ wá kí n tọ́ ọ wò!"

Ní 1993, ọ̀nà là. Wọ́n ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mìíràn ní Texas, l'Amẹ́ríkà, tí yóò tóbi ju ti Geneva lọ jìnnà, wọ́n sì pe Bàbá láti wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé a kì í fọnrere ìrìnàjò. Ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti gbéra ni aládùúgbò ń gbọ́. Màmá bẹ̀ wọ́n: "Bàbá Díjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́ra." Bàbá ní kò sí ìkọ̀kọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì sọ fún gbogbo Adéwọlé. Ẹrù tí à ń rán sí ọmọ l'Amẹ́ríkà kún pálọ̀: èlùbọ́, irú, ata gígún. Alájà Hàúwà, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin gan-an, gbé kúlíkúlí wá fún ọmọ wọn, Abdulhaleem, tó ń kàwé ní Texas.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, rédíò kéde pé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ ihò lọ jìnnà. Ìyá Dọ̀kásì sáré wá láti Ìkìrun. "Ìyàwó rẹ ní kí o má sọ! Ayé ti gbọ́, ayé ti bà á jẹ́!"

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbò ni wọ́n dì."

"Ta ló fi sí wọn lọ́kàn láti dì í?"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Dọ̀kásì ti ń nàka sí ilé Alájà Hàúwà pé ibẹ̀ ni ayé ti bà á jẹ́. Ìyá Dọ̀kásì wà láyé, ìjókòó iwájú ni wọ́n wà lónìí, kí wọ́n gbọ́.

Bàbá gbé kúlíkúlí náà, wọ́n lọ tọrọ àforíjì. Alájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Wàláhì, Bàbá Díjí, èmi tí mò ń bẹ ọkọ mi láàárọ̀ lálẹ́ kó yí rédíò wálẹ̀ tí kò gbọ́, èmi ni mo wá pa ẹ̀rọ òyìnbó? Ẹ jókòó, ká jọ jẹ kúlíkúlí yìí." Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sunkún, wọn kò sun ún nílé. Wọ́n ní, "Alájà, ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Òfìfo."

Ní 1995, ẹ̀rọ mìíràn l'Amẹ́ríkà rí ọ̀kan nínú àwọn ohun kíkéré tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá pín mínírà fún akẹ́kọ̀ọ́ mu, inú Bàbá dùn bí inú ẹni tó gbọ́ pé ọmọ òun ṣe ìgbéyàwó lókèèrè, tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó di 1998, Geneva fúnra rẹ̀ pè wọ́n: kí wọ́n wá lóṣù kẹsàn-án, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n fojú kan ẹ̀rọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá gbọ́ràn sí Màmá lẹ́nu. Wọn kò sọ fún ìjọ. Wọn kò sọ fún ọmọ. Wọ́n ra kóòtù òtútù àlòkù ní bòsíkọ́nà, wọ́n ń wọ̀ ọ́ nínú yàrá pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, òógùn ń bò wọ́n, Màmá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Odidi oṣù mẹ́ta ni ayọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fi gbé inú ẹni méjì péré.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, ọkàn Bàbá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n.

Màmá Esther, Ìyá Dọ̀kásì, Ayọ̀díjí àti Fèyísọ́lá ọmọ wọn, àti Miracle ọmọ-ọmọ wọn, ni wọ́n gbẹ̀yìn Bàbá, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lóǹkà.

Nígbà tí Alájà Hàúwà wá kí wa kú ọ̀fọ̀, Màmá sọ̀rọ̀ Geneva fún wọn. Alájà di Màmá lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ẹ fi pa mọ́ fún èmi náà? À bá ti bá wọn yọ̀, Ìyá Díjí. Bí wọn kò tilẹ̀ débẹ̀, à bá ti bá wọn yọ̀."

Nítorí náà ni ẹbí ṣe ń sọ ọ́ jáde lónìí fún onílé àti àlejò, fún ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá: Láyíwọlá Olúgbémiga fẹ́ rin ìrìnàjò. Ẹ bá wọn yọ̀. Ẹ dágbére fún wọn.

Bàbá, ẹ máa lọ ní gbangba. Kí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn inú rẹ̀ tẹ́ yín ní ìrọ̀rùn, kí Ẹni tó mọ ayé fi ohun tó fi mọ ọ́n hàn yín. Ẹ sùn ire.