Ọkọ Mi Fẹ́ Wa Mọ́tò Gba Etí Òkun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa lórí ètò rédíò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí. Awakọ̀ ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ fi mọ́tò gbé mi lọ gbafẹ́ lójú ọ̀nà etí òkun. Etí òkè ni ọ̀nà náà gbà, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, òkun sì wà nísàlẹ̀ gegele.

Láàárọ̀ àná, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí ère oníke tí mo fi ń pàtẹ aṣọ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé kò ṣeré.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ojú yìí ń ríran ṣá?"

Ó ní, "Dókítà ní ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Jẹ́ kí n rí òkun kó tó lọ tán."

Èmi ò mọ mọ́tò wà. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú á sì pa á.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wa mọ́tò, tí kò fi ní sọ pé òun ò lọ mọ́? Mo fẹ́ kó rí òkun náà.

Èmi ni, ìyàwó awakọ̀.