Màmá Ìkẹ́olúwa Fáṣínà àti Orin Tí Kì Í Bá Dùùrù Mu (1946–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, sínú ìdílé Bàbá Awóníyì, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Màmá Àyọ̀kẹ́ tó ń ta aṣọ. Àwọn tó bá wọn ṣe kékeré ròyìn pé orin ìjọsìn ni ìyá wa máa ń kọ lọ sódò, òun náà ni wọ́n máa ń kọ bọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ohùn wọn bá ti ẹlòmíràn mu.

Wọ́n parí ilé-ìwé Módà ní 1964, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé. Ní 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Adésọjí Fáṣínà, káfíńtà, ẹni tó máa ń sọ fún wa pé orin ni òun kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó rí ẹni tó ń kọ ọ́, síbẹ̀ òun kò padà lẹ́yìn.

Láti 1971 títí di 2001, wọ́n ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní yunifásítì. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ni wọ́n ń kọrin lábẹ́nu. Nígbà kan, ìwé ìkìlọ̀ tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n tẹ̀ sí òṣìṣẹ́ kan tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ parí pẹ̀lú “Halelúyà.” Òṣìṣẹ́ náà wá dúpẹ́.

Ní 1975, wọ́n wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá akọrin, Bàbá Lágúnjú, rọra ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nílò ẹni tó lọ́yàyà bíi tiwọn. Ohun tó ń sọ yé màmá dáadáa. Wọ́n gbà láti máa kí àwọn èèyàn káàbọ̀, àmọ́ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá jókòó níwájú pátápátá, wọ́n á sì parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ṣáájú dùùrù. Wọ́n ní àdúrà ni àwọn ń gbà, Ọlọ́run kò ní kí àwọn wá ṣe ìdánwò.

Ní 1998, a kó dé àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ níbí. Aládùúgbò wa, Àlájà Mùnírátù, wá bẹ̀ wọ́n nítorí orin ìdájí. Màmá tọrọ àforíjì, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Ní 2023, àìsàn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ilé dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. A gbé fóònù tó ń kọ orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlájà wọlé, ó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ náà kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn mọ́. Ó jókòó, ó sì gbé orin tó ti ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tòun ti gbogbo ibi tí màmá ti máa ń ṣì í. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹrin, màmá la ẹnu.

“Ẹ gbé e sókè jù.”

Àlájà ní, “Bí ẹ ṣe máa ń gbé e nìyẹn.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwa ọmọ sì sunkún. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń padà sẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n sùn nínú Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, láàárín orin. Àwa la bá wọn parí ẹsẹ tó kù.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Abímbọ́lá, Oyèkúnlé àti Ayọ̀bámi, ọmọ-ọmọ méje, àti Àlájà, tó ní kí a má ṣe yọ orúkọ òun kúrò.

Ìyá wa, ẹ sinmi ní àlàáfíà. Kí Olúwa gbà yín tọwọ́-tẹsẹ̀, kó sì gbà yín tohùn-tohùn.