Aṣọ Oníbọ́tìnnì Iwájú

Màámi, ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn jù láyé,

Wọ́n pe orúkọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, kò sì sẹ́ni tó dìde. Èmi ló yẹ kí n dìde. Ẹgbẹ́ àwọn òbí tí wọ́n bí ọmọ wọn pẹ̀lú àrùn ọkàn, ẹgbẹ́ tí ẹ bá sáré kiri títí ẹsẹ̀ yín fi wú, fẹ́ fún yín ní àmì-ẹ̀yẹ nínú gbọ̀ngàn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Tákíé. Ó dùn mí pé ẹ̀yìn ikú yín ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n mo gbà láti lọ bá yín gbà á. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ohun tí mo máa sọ níbẹ̀.

Gáùn aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún mi gbẹ̀yìn ni mo wọ̀, èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú. Ṣé ẹ rántí pé n kò ní aṣọ tó ṣí lẹ́yìn rí? Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹ ń rán síìpù ẹ̀yìn fún, àfi èmi. Bí ẹ bá ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mí gúlegúle, ẹ ó fà mí wá, ẹ ó tú bọ́tìnnì mi, ẹ ó ní kó wo àpá àyà mi, pé wọ́n la èyí, ó sì yè. Nínú ọjà, nínú mọ́tò, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kórìíra ẹ̀, Màámi. Mo sọ ọ́ fún yín nígbà ayé yín, n kò sì kó o jẹ. Ara mi ni, kì í ṣe pátákó ìpolówó.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Ọ̀yọ́, ìyàwó kékeré kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ oṣù díẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lápá kejì. Mo fẹ́ máa wo ìta tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ti ba ojú mi jẹ́, n kì í lè rí ọmọ kí n má wo ètè rẹ̀. Ọmọ náà ń mu ọmú, òógùn bò ó. Ó mu díẹ̀, ó dúró, ó mí, ó tún mu. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu ẹni tó lá yíǹkì. Mo kí wọn, mo béèrè orúkọ ọmọ.

“Málọmọ́,” ìyá ọkọ ló dáhùn. “Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. A ti mọ̀ ọ́n.”

Mo ní ọkàn ọmọ náà ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n má pè é ní àbíkú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ooru ni, jàre. Ṣé nọ́ọ̀sì ni ẹ́ ni?”

N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo padà kọjú síta.

A ti wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọmọ náà bú sẹ́kún, tí ẹkún náà sì gé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ìyá ọkọ ń pe orúkọ yẹn léraléra, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mo já ọmọ náà gbà, mo ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó pẹ́, Màámi. Ó pẹ́ gan-an kó tó mí.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Tákíé. Mò ń wo bánà ẹgbẹ́ wa lẹ́nu gbọ̀ngàn níwájú. Ìyá ọkọ ní ara ọmọ ti balẹ̀, ká padà sílé, àwọn mọ ẹni tí àwọn máa gbé e lọ bá. Ojú mi ni ìyàwó ń wò. Lójú gbogbo àwọn ọlọ́kadà, mo tú bọ́tìnnì mi.

“Ẹ wò ó, mà. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyí kí wọ́n tó la àyà mi. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Ìyá ọkọ fọwọ́ kàn án. Ìyàwó ti dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e láyà, wọ́n sì rí ihò tó wà nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́la. Wọn ò ṣèlérí fún wa. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí lẹ máa ń sọ fún àwọn ìyá náà nígbà tí ìdáhùn ò bá tíì sí? Báwo lẹ ṣe ń rí oorun sùn?

Alága ẹgbẹ́ gbé àmì-ẹ̀yẹ yín wá bá mi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Inú ti ń bí i bọ̀, àfi ìgbà tó rí ọmọ náà. Gíláàsì ni, ó rẹwà. Nígbà tí mo délé, orí máṣíìnì ìránṣọ yín ni mo gbé e sí.

Ìyàwó náà pè mí láti ọsibítù láàárọ̀ yìí. Ọmọ ṣì ń mí. Ó ní obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tí kò gbà kí wọ́n la ọmọ tirẹ̀, ṣé mo lè wá. Mo ti fọ gáùn náà, ó wà lórí okùn, mò ń dúró kó gbẹ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ní Dúrósinmí.