Agolo Tí Ìyàwó Ọmọ Mi Pè Ní Pàǹtí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wulẹ̀ wádìí orúkọ mi, aránṣọ ni mí.

Èmi kì í ju agolo nù: bọ́tìnnì wà nínú ti mílíìkì, òwú wà nínú ike bọ́tà. Ìyàwó ọmọ mi wá kí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín kó pàǹtí yìí dànù.”

Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe figbe ta. Ó kọ ọmú, a pọ̀n ọ́n, kò gbà. Mo gbé agolo bọ́tìnnì, mo mì ín ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín! Agolo yìí náà ni mo fi rẹ bàbá rẹ̀ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Orí mi wú!

Ni ìyàwó bá kúnlẹ̀: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú agolo yìí lọ sílé.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n fún un ni, àbí kó lọ mu mílíìkì tirẹ̀ tán?