Télọ̀ Tí Wọ́n Lé Jáde

Àbúrò, o ní ká má fún télọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ ní yàrá, torí onílé wọn àtijọ́ lé wọn jáde. Mo lọ bi bàbá náà láàárọ̀ yìí. Ó fajú ro: "Òrùlé ń jò, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ni wọ́n bá gòkè lọ tún un ṣe! Wọ́n sọ mí di yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Èmi tí mò ń fi abọ́ gbe omi òjò lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ìwọ ò ráyè tún tiwa ṣe!

Mo ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Tó o bá máa bínú, bínú tán kí n tó dé. Bá wọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, kó o sì gbé àkàbà síbi tí wọ́n á ti tètè rí i.

Ẹ̀gbọ́n ẹ