Géèmù Mi Tí Igbákejì Ọ̀gá Fẹ́ Sọ Di Tirẹ̀

                                        Yàrá Kọ̀ǹpútà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé,
                                        Ilé-ẹ̀kọ́ Girama.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ìrora ẹsẹ̀ Màmá ti ń lọ sílẹ̀? Ara tèmi le koko. Inú mi tún ń dùn, àmọ́ kì í ṣe ayọ̀ èèyàn rere.

Ṣó o rántí géèmù tí mo ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán ṣe, tó o bá mi yẹ̀ wò? Ẹni tó bá ń ṣe é á di ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, á máa gba inú ọkàn kọjá. Bó bá ṣi ìbéèrè dáhùn, ilẹ̀kùn á pa dé mọ́ ọn. Òun làwọn ọmọ kíláàsì mi fi ṣe àtúnyẹ̀wò Bàólójì, àwọn tí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ń pè ní olódo ní gbangba. Gbogbo wọn ló yege nínú ìdánwò, àfi ẹnì kan.

Ni igbákejì ọ̀gá bá kọ̀wé sáwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ pé òun lòun ṣe géèmù náà! Akọ̀wé ló ta mí lólobó. Síbẹ̀, mo ń kí igbákejì ọ̀gá láràárọ̀ pé "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo kàn yí pásíwọ́ọ̀dù tá a fi ń tún géèmù náà ṣe padà.

Nígbà táwọn alábẹ̀wò dé kíláàsì mi, alábẹ̀wò àgbà, ìyá kan tó wọ awò ojú, sọ fún igbákejì ọ̀gá pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ìbéèrè kan kún un." Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ó wò mí. Mo gbójú sókè àjà.

Ìyá náà ní, "Ó dáa, yàrá mélòó ló wà nínú ọkàn èèyàn?"

"Méjì."

Gbogbo kíláàsì hó gèè: "Mẹ́rin ni, sà!"

Ìgbà yẹn ni mo tó dìde, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, orúkọ mi sì yọ gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà.

Ó wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni."

Mo ní, "Ṣé àṣìṣe ló mọ orúkọ yín kọ, sà?"

Má wàásù ìdáríjì fún mi o. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Àwọn alábẹ̀wò ti pàṣẹ pé kí gbogbo tíṣà wá kọ́ṣẹ́ géèmù lọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iwájú pátápátá ni mo fi igbákejì ọ̀gá sí, géèmù àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì ṣí fún un. Ìbéèrè kẹta ló ti ṣubú. Kọ̀ǹpútà ní, "Pẹ̀lẹ́, tún gbìyànjú." Mo rọra nawọ́, mo yí ohùn rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé ẹ̀yìn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá. Bó o bá fẹ́ wá wòran, ọjọ́ wo la tún ń ṣe é bí kò ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,
                                        Abẹ́rẹ́.