Ibà Mọ́tò Bàbá Rẹ Ti Lọ Sílẹ̀

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn kì í dùn ọ́ pẹ̀lú gbogbo dídùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni yẹn? Àwa níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Láràárọ̀ ni mo ń gbàdúrà fún ọ pé kí jáàkì má yẹ̀ níbi tí o bá wà, kí nọ́ọ̀tì tí o bá dè má tú, kí èyí tí o bá fẹ́ tú má sì le jù fún ọ, kí àwọn ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má rí ọ fín. Àmín. Àbúrò rẹ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán, ó ní òun ṣe dáadáa, a ò tíì rí èsì. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́. Adìyẹ mi aláwọ̀ eérú ti pa ọmọ méje, ìkan ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń jẹun ju àwọn yòókù lọ.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù. Mọ́tò bàbá rẹ gun òkè! Ó gun òkè dé téńté, kò hó, kò rú èéfín, kò dúró bẹ ẹnikẹ́ni fún omi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bàbá rẹ ti ń sọ ọ́ káàkiri, ó sì máa ń fo àwọn ibi tó yẹ kó dúró sí.

O mọ̀ pé mọ́tò yẹn nìkan ni ọ̀gá bàbá rẹ fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Mọ́tò asáré ni, ilẹ̀kùn méjì péré, ó sì rẹlẹ̀ débi pé tí mo bá jókòó sínú rẹ̀ orúnkún mi máa ń kan àgbọ̀n mi. Ọdún méjì tẹ̀léra ló ti hó ní àárín ọ̀nà níbi ìdíje mọ́tò gígun òkè tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, lójú gbogbo èèyàn. Ní èṣí, Onípákó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò asáré tuntun nínú owó pákó tó ń tà, bi bàbá rẹ léèrè bóyá ó wá sáré ni àbí ó wá se omi gbígbóná. Inú bí bàbá rẹ, ó sì búra níwájú wọn pé tó bá tún hó lọ́dún yìí, kí ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù wá gbé e níbi tó bá hó sí. Ọkùnrin náà ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sí àgbàlá wa pẹ̀lú téèpù, ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí mi bí ẹni tó wá wọn pósí.

Nígbà tí ìgò oògùn omi rédíétọ̀ tí o fi ránṣẹ́ dé, bàbá rẹ gbé e sókè, ó mì í, ó ní omi aláwọ̀ aró lásán ni. Ó ní òun ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ, ó ní ọmọ tí òun rán lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé, tó lọ ń fi gírísì pa ọwọ́, kò ní wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fún mọ́tò lómi. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ sójú fèrèsé. Mi ò bá a jà. Mo kàn ń nu eruku ara ìgò náà lójoojúmọ́, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, títí onítéèpù fi wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí.

Mo ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹrin. O ní níbi iṣẹ́ yín ẹ máa ń dà á sínú omi rédíétọ̀ àwọn mọ́tò asáré, kí omi náà lè fara mọ́ irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, kó sì tètè gba ooru kúrò lára rẹ̀. Ó yé mi. Ibà ni. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo mọ ibà. A dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá bí o ṣe wí, bàbá rẹ tú omi àtijọ́ dànù, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, a wá fi omi mímọ́ ṣan inú rédíétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹfà, títí èyí tó ń jáde fi mọ́ débi pé mo fẹ́ tọ́ ọ wò, bàbá rẹ ní kí n má dán an wò. Ibi tí mo ti fi ọgbọ́n tèmi kún un ni ti ìlò. O ò kọ ọ́ bóyá kó tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé oògùn tó lágbára báyìí ò lè dára fún ikùn òfìfo, mo bá ní kí bàbá rẹ lọ ra epo bẹntiróòlù sí i ná. Ìgbà tó jẹun yó ni mo tó fún un ní ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìgò náà fi tán. Kò bì í.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, mo ti kọ́kọ́ yá tẹmọ́mítà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo fi há àárín rọ́bà méjì kan tó jọ abíyá. Nọ́ńbà rẹ̀ parí ní 42, ó sì fọ́. Mo ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé tẹmọ́mítà rẹ̀ kò mọ ibà àgbàlagbà, mo fún un ní àkùkọ kan dípò rẹ̀, ó gbà á, ó ní kí n má tún wá yá nǹkan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lo sọ fún mi lórí fóònù pé ọwọ́ kékeré kan wà níwájú awakọ̀, bíi ti aago, tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀, mo fà á ní ìlà bíi káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́. Kí n tó fún un lóògùn, lójú ọ̀nà títẹ́jú, lọ́sàn-án, 108. Lẹ́yìn ìgò kan, ojú ọ̀nà kan náà, oòrùn kan náà, 99. Bàbá rẹ wo 99 yẹn pẹ́. Ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. A tún lọ lọ́jọ́ kejì, 99. Mo gbé ìwé náà síwájú fóònù kí ìwọ náà lè kà á, mo ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń dúró díẹ̀. Hẹ́lò, hẹ́lò nìkan lò ń pè, mo mọ̀ pé ìwé kíkà ni ò jẹ́ kí o rí nǹkan mìíràn sọ.

Ìwé yẹn ló wá tú àṣírí kan. Tí a bá ń lọ, 99, 98. Tí a bá ti dúró kí èèyàn, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A dúró kí olùkọ́, 104. A dúró kí télọ̀, 107. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dúró kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, tí wọ́n bèèrè gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìwọ dé orí adìyẹ, tí wọ́n tún padà bèèrè ìwọ nítorí wọ́n ti gbàgbé èsì tí a fún wọn, 115, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú. Mo gbé e yẹ̀ wò, ó hàn kedere. Oògùn rẹ ti mú ibà náà kúrò, ìkíni ni mọ́tò náà ò fẹ́. Kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ṣe é ò kọ́ ọ pé èèyàn máa ń dúró kí ara wọn.

Mo bá ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá rí wa lọ́jọ́ ìdíje, kí wọ́n kàn juwọ́, kí wọ́n má bèèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ṣé mọ́tò ni yóò wá máa sọ ẹni tí àwọn máa kí nínú ìdílé àwọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ara rẹ̀ ni kò yá.

Ní ọjọ́ kẹta sí ìdíje, mẹkáníìkì wa gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. O rántí rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀, torí pé iṣẹ́ tó bá gbà kì í tán. Ó kà á dé ibi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Lẹ́yìn náà ó tún un kà, ó ní ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó dùbúlẹ̀ síwájú mọ́tò, ó ní fáànù tó dojú kọ rédíétọ̀ kò yí rárá, wáyà rẹ̀ ti já tipẹ́. Ó ní tí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á máa ṣe iṣẹ́ fáànù, tó bá dúró, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Ó ní oògùn rẹ ń jẹ́ kí omi gba ooru lára irin, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà á lára omi. Ó so wáyà náà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni, kí ojú má bàa tì í, nítorí ó ti làágùn gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò yí òfin ìkíni padà.

Lọ́jọ́ ìdíje, mọ́tò mẹ́sàn-án ló tò sísàlẹ̀ òkè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gùn ún, akọ̀wé ń ka ìṣẹ́jú. Wọ́n ní wọn ò gba èrò, mo ní èmi kì í ṣe èrò, alábòójútó aláìsàn ni mí. Akọ̀wé ṣí ìwé mi wò, ó jẹ́ kí n wọlé. Bàbá rẹ ni ẹni keje. Odidi ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró nínú oòrùn, kò sì pa ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rù ń bà á pé tó bá pa á kò ní jí mọ́. 97. 98. 98. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń juwọ́, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà wá, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, ìbéèrè kún ojú wọn, wọn ò bèèrè ẹyọ kan. 98. Mo wo bàbá rẹ, mo ní ṣé ó ti rí i báyìí.

Onípákó ló ṣáájú wa. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó bi bàbá rẹ bóyá ó mú ife dání, pé tíì ò ní pẹ́ délẹ̀. Onípákó gbéra bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò pẹ́ tí a fi rí èéfín funfun láàárín igi ní kọ́nà kẹta. Mọ́tò tuntun ti hó! A gbọ́ lẹ́yìn náà pé omi kòtò ló ń rọ sí i láti ọjọ́ tó ti rà á, ó ní ohun tuntun kì í ṣàìsàn.

Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ju àsíá fún wa. Kọ́nà kìíní, 99. Kọ́nà kejì, 101, orúnkún mi ń gbá mi lágbọ̀n. Ní kọ́nà kẹta a bá Onípákó níbi tó ti ń fi fìlà fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bàbá rẹ sì fẹ́ dẹsẹ̀ kí i pé pẹ̀lẹ́, o mọ ìwà bàbá rẹ. Mo pariwo pé kó má dúró, kó má kí i, kó máa lọ! Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ́nà kẹrin, 103, ibi tó ti hó ní èṣí àti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá rẹ ò mí. Èmi náà ò mí. 103. 103. Ó sọ̀ sí 102. Bí a ṣe yọ sórí òkè nìyẹn, inú mi dùn débi pé bírò mi ya ìlà gbọọrọ kọjá ojú ewé ìwé náà.

Ẹni kẹta ni bàbá rẹ nínú mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí, ó ká téèpù rẹ̀ sápò, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé kọ́nà wo ni Onípákó wà.

Adájọ́ ìdíje ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní mọ́tò tó dàgbà tó báyìí, ta ló tọ́jú rẹ̀, kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé. Ó-Kù-Díẹ̀ ti ń tún kọ́là ṣe. Bàbá rẹ wolẹ̀, ó wo ẹ́ńjìnnì, mo rò pé orúkọ ara rẹ̀ ló máa pè. Orúkọ rẹ ló pè. Ó pè é ní kíkún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ọmọ òun obìnrin ni, ó ní ẹnjinníà ni, àwọn mọ́tò asáré ló ń tọ́jú nílùú ńlá. Ó ní kí akọ̀wé kà á sókè kí òun gbọ́ bóyá ó kọ ọ́ dáadáa. Akọ̀wé kà á. Bàbá rẹ ní kó tún un kà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ báyìí kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún rọ́bà rédíétọ̀ tuntun méjì, wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń là. Fi ìgò oògùn méjì kún un, ìkan fún wa, ìkan fún ìyá ẹlẹ́rọ ìlọta, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, mo sì ti sọ fún un pé lẹ́yìn oúnjẹ ni. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó ọkọ̀ tèmi náà sí i, kí n wá wo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́.

Bàbá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní mi ò sáré kọ ti òun. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè: láàárọ̀, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò, nǹkan kan ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lápá òsì ẹ́ńjìnnì, ó ń dákẹ́ tó bá gbóná tán. Kí ni o rò pé ó jẹ́? Ó ní Ó-Kù-Díẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wàá fi fèsì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ bá ti wò ó tì, kí wọ́n máa ní kí wọ́n lọ pè ọ́ wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ohun tí o bá fọwọ́ rẹ tọ́jú gun òkè tirẹ̀ láìhó. Tètè kọ̀wé, bàbá rẹ ti ń dúró.

Èmi ni ìyá rẹ.